Ọgọ́rùn-ún Sit-up Láràárọ̀, Ikùn Ò Sì Kúrò Lójú Kan

Obìnrin kan ló kọ̀wé sí mi. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀, mi ò fi ọ̀rọ̀ kún un:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 43 ni mí, mo ti bí ọmọ mẹ́ta. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń ṣe sit-up 100 ní àràárọ̀. Náílọ́ọ̀nù ni mo máa ń dì mọ́ ikùn, màá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ilé fún bíi wákàtí kan kí òógùn lè jáde dáadáa. Tí mo bá gun ìwọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, á ní mo ti fi ìdajì kílò fúyẹ́, àmọ́ kó tó dalẹ́ ó ti padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, gbogbo ikùn ló ń ro mí; ní báyìí kò ro mí mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní ìyẹn fi hàn pé kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí n sọ ọ́ di 200. Ó wù mí kí n máa gbé irin, ọkọ mi ní kí n má lọ sọ ara mi di ọkùnrin. Ikùn mi ò kúrò lójú kan. Ṣé kí n fi kún un ni àbí kí n jáwọ́?”

Ẹ kú ìfaradà. Kí n kọ́kọ́ dáhùn ní ṣókí: ẹ má fi kún un, ẹ má sì jáwọ́; ẹ yí i padà. Oṣù méjì láìpa ọjọ́ kan jẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, tí mo ti ń ṣe láti ogún ọdún ó lé, mo ti rí àwọn tí kò lò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú bàtà tí wọ́n fi ń sáré. Aápọn kọ́ ni ẹ kò ní. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹlẹ́rìí mẹ́ta lẹ ń bi léèrè bóyá iṣẹ́ yín ń lọ: òógùn, ara ríro, àti ìwọ̀n. Kò sí èyí tó mọ ìdáhùn nínú wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń tètè sọ̀rọ̀. Ikùn tí ẹ wá fi ṣe adájọ́, òun gan-an ò mọ̀ pé ẹjọ́ kan ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ikùn bẹ̀rẹ̀. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ọ̀rá tó bo iṣan ni oúnjẹ iṣan náà, pé bí iṣan ikùn bá ti ń ṣiṣẹ́, á máa bu ọ̀rá tó wà lórí rẹ̀ jẹ. Ara kì í ṣe báyẹn. Inú àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ni ara ń tọ́jú ọ̀rá sí, káàkiri ni wọ́n sì wà: ikùn, ìdí, itan, ẹ̀yìn apá, àyíká ìfun nínú lọ́hùn-ún. Tí iṣẹ́ bá dé, ara á tú họ́mọ̀nù jáde, àwọn èròjà tí ara fi ń ránṣẹ́ sí ara, adrenaline wà lára wọn, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà kiri. Gbogbo ibi tí ọ̀rá wà ni ìkéde náà ń dé. Kálukú á yọ ìwọ̀nba tirẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wá gbé e lọ fún iṣan tó ń bèèrè. Ọ̀rá tí sit-up yín jó láàárọ̀ àná lè jẹ́ ti ẹ̀yìn apá, ó lè jẹ́ ti itan. Ibi tó wu ẹ̀fúùfù lẹ́lẹ́ ló ń darí ìgbẹ́ sí. Ìran tí a ti wá, ọjọ́ orí, àti họ́mọ̀nù ló ń pinnu ibi tí ara ti máa kọ́kọ́ yọ ọ́. Irú eré tí a yàn kò ní ohùn níbẹ̀.

Ní 1971, àwọn oníwádìí kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà yẹ apá àwọn tó ń gbá tẹ́níìsì wò. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń gbá tẹ́níìsì, apá kan ló fi ń gbá a fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìkejì kàn ń bá a rìn ni. Tó bá jẹ́ pé iṣan ń jẹ ọ̀rá tó bò ó, ó yẹ kí ọ̀rá apá tó ń ṣiṣẹ́ fẹ́lẹ́ ju ti ìkejì lọ. Wọ́n wọ̀n ọ́n. Apá tó ń ṣiṣẹ́ tóbi jù lóòótọ́, nítorí iṣan tó pọ̀ sí i. Ọ̀rá abẹ́ awọ apá méjèèjì, ọgbọọgba ni.

Ẹ jẹ́ ká tún ṣírò rẹ̀. Sit-up 100 kì í gbà ju bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ká tilẹ̀ lawọ́, ká ní ó jó kálórì 30 (kálórì la fi ń wọn agbára tí ara ń jó). Kílò kan ọ̀rá ara tó nǹkan bíi kálórì 7,700. Á ju 250 ọjọ́ lọ kí kílò kan ṣoṣo tó lọ, láti gbogbo ara o, tí ẹnu kò bá sì fi òkèlè kan kún ti tẹ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà. Nígbà tó bá sì lọ, ọ̀nà wo ló ń gbà jáde? Mo máa ń bi àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Àwọn kan á ní òógùn, àwọn kan á ní ìgbẹ́, ẹnì kan kì í ṣàì sọ pé ó ń di iṣan. Ìṣirò kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ ní 2014 tò ó lẹ́sẹẹsẹ: bí ara bá jó ọ̀rá kílò 10 tán, kílò 8.4 nínú rẹ̀ á bá èémí jáde gẹ́gẹ́ bí carbon dioxide, 1.6 tó kù á di omi. Imú la fi ń da ọ̀rá nù. Ìdí nìyẹn tí eré tó ń mú yín mí hẹlẹhẹlẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fi ju èyí tó ń ta ikùn yín fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. (Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí jókòó sójú kan kó máa mí kíákíá o. Òòyì ni yóò kọ́ ọ.)

Náílọ́ọ̀nù ńkọ́? Èdè wa gan-an ń bá wa ṣẹ̀fẹ̀ níbí, torí ọ̀pọ̀ nínú wa, ọ̀rá náà la ń pe náílọ́ọ̀nù. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ ká rò pé ọ̀rá lè yọ́ ọ̀rá. Òógùn kì í ṣe ọ̀rá tó yọ́. Omi ni, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá, iṣẹ́ tó sì wá ṣe ni kó mú kí ara tutù. Kì í tilẹ̀ ṣe jíjáde rẹ̀ ló ń mú ara tutù, gbígbẹ rẹ̀ lójú awọ ni. Bó ṣe ń gbẹ ló ń gbé ooru lọ. Nígbà tí ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó, kò ríbi gbẹ sí, ooru há sínú, ara wá rò pé èyí tí òun tú jáde kò tó, ó tún tú sí i. Ẹni tó bá ń wò ó á ní iṣẹ́ ń lọ, nígbà tó jẹ́ pé ara ń ké gbàjarè. Ìdajì lítà omi, ìdajì kílò nìyẹn. Ohun tí ìwọ̀n yín rí láàárọ̀ nìyẹn, ohun tí omi mímu dá padà kó tó dalẹ́ náà nìyẹn. Ìwọ̀n mọ iye tó lọ, kò mọ irú ohun tó lọ.

Mo lè fi ṣeré, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ìparí 1997, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó ń ja ìjàkadì fún ilé ẹ̀kọ́ gíga mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Amẹ́ríkà kú láàárín nǹkan bí oṣù kan. Wọ́n fẹ́ fúyẹ́ kí ọjọ́ ìdíje tó pé, wọ́n ń wọ aṣọ rọ́bà ṣe eré níbi tó gbóná. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n fòfin de aṣọ rọ́bà nínú ìjàkadì àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga níbẹ̀. Èmi náà ti gọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, mo wọ súwẹ́tà méjì sáré lọ́sàn-án gangan. Ojú mi ṣú, mo jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sétí ọ̀nà bí àgbàlagbà, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí ló da omi lé mi lórí. Mo délé, mo gun ìwọ̀n, ó ní mo ti fi kílò méjì fúyẹ́, inú mi sì dùn! Mo mumi, mo sùn. Nígbà tí mo jí, kílò méjèèjì ti ń dúró dè mí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ló kàn, pé ohun tí kò bá ro ni kò ṣiṣẹ́. Mi ò dá a lẹ́bi, torí àwa olùkọ́ eré ìdárayá pẹ̀lú la gbin èrò yìí síni lọ́kàn. Ara ríro tó ń dé lọ́jọ́ kejì eré, tó ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, ọ̀pọ̀ ń sọ pé lactic acid, èròjà tí iṣan ń mú jáde nígbà tí iṣẹ́ bá le, ló dì sínú iṣan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn eré, ara ti kó ìyẹn kúrò, kódà ọkàn ń lò ó bí epo. Nígbà tí ìrora fi máa dé lọ́la, kò sí ńlẹ̀ mọ́. Láti 1902 ni onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Theodore Hough, ti kọ ọ́ pé ó jọ pé ohun kan ló ya díẹ̀díẹ̀ nínú iṣan, ibẹ̀ náà ni ìmọ̀ òní ṣì tẹ̀ sí: fọ́nrán iṣan ló bọ́ díẹ̀, tí ara wá ń tún un ṣe. Ohun tó ń fà á jù ni iṣẹ́ tí iṣan ti ń nà nígbà tó ṣì ń di ẹrù mú. Ẹ gun àtẹ̀gùn gígùn, èémí yín á le. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, itan yín á ro lọ́la.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ló sì máa ń le bẹ́ẹ̀. Tí ara bá ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, á fi okun kún ibi tó bọ́, ìgbà kejì kò ní dùn tó ti àkọ́kọ́. Ara ríro ń sọ fún yín pé ohun kan ṣàjèjì sí ara, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan tí mò ń tọ́jú ti ń sáré fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í rẹ̀ ẹ́. Ó bá ará ilé rẹ̀ kó ẹrù lọ sí ilé tuntun lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lọ́jọ́ kejì kò lè gbé apá dé orí láti ya irun. Ṣé ẹrù kíkó ọ̀sán kan wá ju eré sísá ọdún gbọọrọ lọ ni? Rárá, apá rẹ̀ ni kò mọ iṣẹ́ náà. Nítorí náà, pé ikùn kò ro yín mọ́, àmì pé ẹ ti mọ sit-up ṣe ni. Ìrora kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú kéré ṣá: èyí tó gún yín ní oríkèé lójijì, èyí tó ń wú, tàbí ara ríro tó le kọjá ààlà lẹ́yìn eré tí ìtọ̀ wá pọ́n dúdú. Èyí ìkẹyìn yìí, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni o, torí iṣan tó bàjẹ́ púpọ̀ lè dí kíndìnrín lọ́nà.

Sit-up 200 wá ńkọ́? Á kọ́ yín bí a ti ń ṣe sit-up 200. Ẹ̀yìn yín lè máà dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, torí ẹgbẹ́ẹgbẹ̀rún ìgbà ni ẹ ó máa tẹ egungun ẹ̀yìn náà ba lójú kan náà.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ẹ̀rù tó ń bà á kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin fúnra wọn ń bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n á wọ jímù, wọ́n á yà kúrò níbi irin bí ẹni rí ejò. Ohun tó ń mú iṣan ọkùnrin tóbi nígbà tó bá bàlágà ni họ́mọ̀nù testosterone, èyí tó wà lára ọkùnrin àgbà sì tó ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti obìnrin. Àwọn ọkùnrin tó ní in tán ń fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé irin, wọ́n ń jẹun bí ẹni gba oko, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ráhùn pé apá àwọn kò yọ. Àwọn obìnrin tí ẹ ń rí tí iṣan wọn rí gbágungbàgun, iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ni, oúnjẹ tí wọ́n ń wọ̀n ni, oògùn sì wà nínú ti àwọn míì. Ẹnì kan kì í ṣèèṣì dà bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá ń gbé irin, agbára á máa pọ̀ sí i nígbà tí iṣan kò tíì tóbi rárá, torí ọpọlọ ló ń kọ́ bí yóò ṣe jí fọ́nrán tó ti ń sùn. Ní 1990, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà kó àwọn arúgbó bíi mẹ́wàá tó wà ní àádọ́rùn-ún ọdún jọ nílé ìtọ́jú àgbà, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ẹrù tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Agbára ẹsẹ̀ wọn ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn kan sì rìn láìmú ọ̀pá tí wọ́n ń mú tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ orí yín, tí nǹkan oṣù ti ń múra àtidúró, tí egungun yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́, irin gbígbé ni mo máa kọ́kọ́ mú ká ní ohun kan ṣoṣo ni mo lè mú. Ẹ tún lè gbọ́ pé tí ẹ bá dá a dúró, iṣan á di ọ̀rá. Ọ̀tọ̀ ni iṣan, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rá, bí ewúrẹ́ kì í ti í di àgùntàn. Iṣan á fọn, oúnjẹ kò ní dín kù, ọ̀rá á wá gba àyè.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà yín tí ẹ sọ kọjá, tó sì mú mi dúró: ọmọ mẹ́ta. Ó ṣeé ṣe kí ohun tí ẹ ń bá jà má jẹ́ ọ̀rá pátápátá. Iṣan méjì ló lọ gbọọrọ níwájú ikùn, láti igbá àyà dé ìsàlẹ̀, okùn pẹrẹsẹ kan ló sì so wọ́n pọ̀ láàárín. Tí oyún bá ń dàgbà, okùn yìí á fẹ̀, iṣan méjèèjì á jìnnà síra. Lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n máa ń padà sún mọ́ra, àmọ́ ti àwọn kan kì í padà tán, ikùn á wá dúró síwájú bí ẹni pé oyún ṣì wà, pàápàá nírọ̀lẹ́, bí obìnrin náà tilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Diastasis recti la ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ to ìka méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, ẹ gbé orí wọn sí àárín gbùngbùn ikùn, lókè ìdodo díẹ̀, kí wọ́n tò ní ìbú, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé jẹ́jẹ́. Ẹ wá gbé orí sókè díẹ̀ bí ẹni fẹ́ wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ óò mọ̀ ọ́n lára bí iṣan méjì ti ń sún wá láti ọ̀tún àti òsì láti fún ìka yín. Tí àlàfo tó wà láàárín wọn bá gba ìka méjì tó sì tún kù, tàbí tí àárín ikùn bá yọ jáde gọngọ bí ṣóńṣó òrùlé, ẹ dá sit-up dúró ná, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣe é ni ẹ ń ti ìfun lu àlàfo yẹn. Ẹ má jáyà. Ó wọ́pọ̀, àlàfo kékeré kì í sì pani lára. Eré mìíràn wà fún un, bíi kí ẹ mí síta díẹ̀díẹ̀ kí ẹ máa fa ìsàlẹ̀ ikùn àti ojú ara wọlé bí ẹni ń dá ìtọ̀ dúró, àmọ́ ó dára kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fọwọ́ kàn yín kó tó yan èyí tó bá yín mu. Kò sí èyí tí mo lè búra pé yóò tì í pa fún gbogbo ènìyàn. Tí kókó kan bá sì wà lẹ́bàá ìdodo tó ń jáde tó ń wọlé, tàbí tí ikùn bá le, tó ń ga sí i nígbà tí ara yòókù kò sanra, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Láti inú lẹ́tà, mi ò lè mọ èyí tó jẹ́.

Ká wá ní ọ̀rá ni. Ibi tí mo ti máa já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀ nìyí: eré ìdárayá nìkan kì í sábà mú ènìyàn fúyẹ́ púpọ̀. Ní 2012, oníwádìí kan, Herman Pontzer, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn iye agbára tí àwọn Hadza ní Tanzania ń jó lóòjọ́. Ọdẹ ni wọ́n, wọ́n ń wá oúnjẹ nínú igbó, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń rìn lójoojúmọ́. Tí a bá yọ ti ìtóbi ara kúrò, iye tí wọ́n ń jó kò yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń jókòó sí ọ́fíìsì ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ó jọ pé ara ń fi ọgbọ́n dín èyí tó ń jó níbòmíràn kù bí iṣẹ́ bá pọ̀. Ẹ fi kún un pé ebi máa ń pa ẹni tó ṣeré. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fúyẹ́, ẹnu ló ni ìpín tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ẹsẹ̀ á sì bá a dì í mú kó má padà. Mo mọ̀ pé olùkọ́ jímù kì í sọ èyí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sanwó.

Kí wá ni eré ìdárayá wà fún? Ní 1953, Jerry Morris, oníṣègùn kan ní London, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Dírẹ́bà jókòó látàárọ̀ dalẹ́. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gba owó ọkọ̀. Kọ̀ndọ́kítọ̀ kì í sábà ní àrùn ọkàn tó dírẹ́bà. Morris fúnra rẹ̀ lò tó ọdún 99 láyé. Ọ̀rá tó yí ìfun ká nínú lọ́hùn-ún pẹ̀lú, tó léwu ju èyí tí ọwọ́ lè fà lójú ikùn lọ, eré tó ń mú ni mí ń dín in kù, nígbà míì pàápàá tí ìwọ̀n kò sọ nǹkan kan. Téèpù aránṣọ tí a fi wọn ìbàdí máa ń tètè rí i ju ìwọ̀n lọ.

Ohun tí mo máa ṣe ká ní èmi ni yín nìyí. Màá rìn, ìrìn ẹni tó pẹ́ síbi tó ń lọ, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 150 nìyẹn, ibẹ̀ sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìṣirò wọn ní 2020, wọ́n ní a lè ṣe é dé 300. Tí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ó ti tó. Kò pọn dandan kó pé ìṣísẹ̀ 10,000. Orúkọ ẹ̀rọ kan tí wọ́n gbé jáde ní Japan ní 1965 láti máa ka ìṣísẹ̀ ni iye yẹn ti wá, ọ̀rọ̀ ọjà ni, kì í ṣe òfin ìṣègùn. Nínú ìwádìí 2019 kan lórí àwọn obìnrin àgbà tó lé ní 16,000, àwọn tó ń rìn tó bí 4,400 lóòjọ́ kò kú tó àwọn tó ń rìn bí 2,700, nígbà tó sì tó bí 7,500, àfikún ìṣísẹ̀ kò fi èrè kún un mọ́. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, màá gbé nǹkan tó wúwo: màá dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í, màá ti ara mi kúrò lára ògiri, màá gbé ẹrù nílẹ̀ kí ìdí lọ sẹ́yìn kí ẹ̀yìn má tẹ̀. Èyí tí ẹ bá lè gbé ní ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá kó tó le, òun ni ìwọ̀n yín. Tó bá ti rọrùn, ẹ fi díẹ̀ kún un. Ẹ sinmi láàárín. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, èyí tí ẹ kò ní pa jẹ ni. Tí ẹnikẹ́ni bá ní eré á ba orúnkún yín jẹ́, ẹ sọ fún un pé àwọn tó ń sáré fún ìgbádùn kì í ní àrùn oríkèé tó àwọn tó ń jókòó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tíì wálẹ̀, tàbí tí àyà bá ń há yín tí ẹ bá gun àtẹ̀gùn, ẹ rí dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ gbé àga tí kò ní apá ti ògiri, ẹ jókòó, ẹ ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà. Ẹ ní kí ọmọ kan bá yín wo aago. Ẹ dìde dúró tán, ẹ jókòó padà, ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ṣe é láàárín ìṣẹ́jú ààyá 30, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ṣe é. Ẹ gbé ìwọ̀n yẹn sábẹ́ ibùsùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ tún un ṣe lórí àga kan náà, kí ẹ wá kọ̀wé sí mi. Kí ẹ jọ̀wọ́ sọ fún mi bákan náà bóyá ìka méjì wọlé lókè ìdodo.